Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Rà Á: Nígbà Tí Epo Ò Bá Lágbára Mọ́ Nínú Mọ́tò Wa

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú wa tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù. A kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí àwọn tí kò ráàyè wá lè rí i kà lórí WhatsApp.

Akọ̀wé ní kí n mú nǹkan kan wá látinú iṣẹ́ ọwọ́ mi tó lè ṣe ará ilé láǹfààní. Mo rò ó, mo ní kí n kúkú sọ èyí tó ń mú owó lọ lápò wa jù: mọ́tò tí kò fa mọ́, tí wọ́n ní fúẹ́ẹ̀lì pọ́ǹpù ni, tí a ra pọ́ǹpù sí i, tí kò sì yí padà.

Ẹ wo ìta gbọ̀ngàn yìí. Mọ́tò tó wà níbẹ̀, Camry, Corolla, Accord, Sienna, púpọ̀ nínú wọn ti lé ní ogún ọdún. Tòkúnbọ̀ ni wọ́n nígbà tí a rà wọ́n, àwa náà sì ti lò wọ́n títí. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ tí a bá tọ́jú dáadáa ṣì máa gbé wa délé. Ṣùgbọ́n tí ọdún bá dé, tí a kó ìyàwó, ọmọ, ìṣù àti garawa sínú rẹ̀, tí a dorí kọ ọ̀nà ìlú, ibẹ̀ la ti máa ń mọ̀ pé kò lágbára mọ́. Ó dé òkè, ó ń mí hẹlẹ. Ẹ tẹná, kò dáhùn. Ó tá lẹ́ẹ̀kan, ó tá lẹ́ẹ̀mejì, ó kú sí àárín ọ̀nà márosẹ̀, tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ọ̀rọ̀ owó nìkan? Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó rà á. Kí epo má lágbára, àmì àìsàn ni. Ohun tó ń fà á lè jẹ́ pọ́ǹpù, ó sì lè jẹ́ nǹkan márùn-ún mìíràn. Ta ló máa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láì kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan dè é lápá kí wọ́n wọ̀n ọ́n? Kò sí. Ṣùgbọ́n tó bá kan mọ́tò, a ti ra oògùn kí dókítà tó dé.

BÍ EPO ṢE Ń RÌN

Ẹ̀yin àgbà tó wa Peugeot 504 àti Ìjàpá, Volkswagen tó dà bí ahun yẹn, ẹ ó rántí káàbúrétọ̀. Nígbà yẹn, pọ́ǹpù kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń fún un níṣẹ́. Kò ju kó fa epo láti tánkì, kó bù ú sínú abọ́ káàbúrétọ̀ lọ. Prẹ́ṣọ̀ rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń ti epo, kì í sábà ju nǹkan bíi 3 sí 5 psi lọ. Nítorí náà, bí ọ̀gá wa bá tú ọ̀pá epo, tó rí i pé epo ń tú jáde, ó lè sọ pé, "Epo ń wá," ó sì tọ̀nà.

Mọ́tò tí à ń lò báyìí, ínjẹ́kítọ̀ ló ní. Pọ́ǹpù rẹ̀ wà nínú tánkì, inú epo gan-an ló ń gbé, iná bátìrì ló sì ń lò. Asẹ́ kékeré kan wà nídìí rẹ̀ tó ń sẹ́ ìdọ̀tí. Ó ń ti epo gba inú fílítà, ó ń gba ọ̀pá abẹ́ mọ́tò lọ síwájú, títí dé ọ̀pá tó ń pín in fún ínjẹ́kítọ̀. Ínjẹ́kítọ̀ á ṣí, á pa dé, bí ẹni ṣẹ́jú. Kọ̀ǹpútà mọ́tò, tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní brain box, ló ń sọ iye àkókò tó máa fi ṣí. Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò wọ̀nyí, kọ̀ǹpútà yìí kò ní ojú tó fi ń rí prẹ́ṣọ̀ epo. Ó kàn gbà pé ó pé ni. Tí kò bá wá pé, ínjẹ́kítọ̀ á ṣí fún iye àkókò tí wọ́n ní kó ṣí, ṣùgbọ́n epo tó máa jáde kò ní tó.

Mélòó ló yẹ kó jẹ́? Camry ẹlẹ́ńjìnnì 2.4 ti ọdún 2002, èyí tí a ń pè ní Big Daddy, àti Corolla 1.8 ti ọdún 2003, 44 sí 50 psi ni ìwé Toyota sọ. Mọ́tò mìíràn ní iye tiwọn. Ẹ má fi ti Camry wọn Honda.

Wàyí o, tí Camry yẹn bá ní 30 psi péré, tí ẹnì kan bá tú ọ̀pá rẹ̀, epo á ṣì ta sí i lójú. Á ní, "Epo ń wá dáadáa!" Bẹ́ẹ̀ ebi ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Ojú kò lè wọn prẹ́ṣọ̀. Ọwọ́ kò lè wọ̀n ọ́n. Géèjì nìkan ló lè wọ̀n ọ́n.

Nǹkan kan tún kù, rẹ́gúlétọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí prẹ́ṣọ̀ dúró síbi tó yẹ. Nínú mọ́tò kan, orí ọ̀pá epo nídìí ẹ́ńjìnnì ló wà, ó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀pá tó ń dá epo tó ṣẹ́kù padà sí tánkì. Nínú mìíràn, bíi Camry 2002 tí mo dárúkọ, inú tánkì ló wà pẹ̀lú pọ́ǹpù. Ẹ mọ èyí tí tiyín jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ta rẹ́gúlétọ̀ iwájú fún ẹni tí tirẹ̀ wà lẹ́yìn.

ÀWỌN ÀMÌ RẸ̀

Àkọ́kọ́, kò ní tètè kíìkì. Ẹ máa yí i títí, pàápàá láàárọ̀. Ìkejì, kò ní fa lórí òkè tàbí tó bá ru ẹrù. Ìkẹta, á máa tá bí ẹ bá sáré, bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á lẹ́yìn. Ìkẹrin, á kú tó bá gbóná, ẹ sinmi díẹ̀, á tún dìde. Ìkarùn-ún, iná Check Engine á tàn, síkánà á sì kọ P0171. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì.

Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù o. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Púlọ́ọ̀gì tó ti jẹ, kọ́ìlì tó ti rẹ̀, sálẹ́ńsà tó dí, sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí, tàbí rọ́bà tó ya tó ń fa afẹ́fẹ́ olè wọlé, gbogbo wọn lè hu irú ìwà yìí. Báwo la ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀? Tó bá jẹ́ rọ́bà tó ya ni, wàhálà rẹ̀ máa ń pọ̀ ní síló, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láì tẹná. Tí ẹ bá tẹná, á sàn díẹ̀. Tó bá jẹ́ epo tí kò lágbára ni, òdìkejì ni: ní síló, ó lè dákẹ́ bí ẹni rere, bí ẹ bá tẹná tàbí tí ẹ gun òkè ni àṣírí á tú. Mẹkáníìkì tó ní síkánà tó dára lè rí i bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi epo kún epo, ní síló àti lórí ìrìn. Ẹ ní kó wo méjèèjì fún yín.

OHUN TÍ KÒ NÁ YÍN NÍ KỌ́BỌ̀

Kí a tó dé orí géèjì, ẹ kọ́kọ́ ṣe àwọn wọ̀nyí.

Ṣé epo wà nínú tánkì lóòótọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ojú géèjì iwájú mọ́tò àtijọ́ máa ń purọ́. Ẹ bu epo lítà mẹ́wàá tó dára sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ síí sun owó.

Ẹ fetí sílẹ̀. Kí ẹnì kan dúró nítòsí tánkì lẹ́yìn, kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ Honda, tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, pọ́ǹpù á kùn fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjì, á dákẹ́. Ọ̀pọ̀ Toyota kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àfi tí ẹ bá ń yí ẹ́ńjìnnì gan-an ni pọ́ǹpù wọn tó dáhùn. Mo ń sọ èyí nítorí pé a ti dá pọ́ǹpù Toyota lẹ́bi lásán púpọ̀: wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ ní ìlàjì, wọn ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n ní pọ́ǹpù ti kú.

Ẹ wo fíúsì tí wọ́n kọ EFI sí lára. Ẹ wo rìlé pọ́ǹpù. Bí rìlé mìíràn bá wà nínú àpótí náà tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá a mu pátápátá, bíi ti fèrè, ẹ lè pààrọ̀ wọn fúngbà díẹ̀ kí ẹ wò ó. Tí nọ́ńbà kò bá jọra, ẹ má dán an wò.

Ẹ wo abẹ́ mọ́tò. Ẹ gbóòórùn. Ibi tí epo bá ti ń jò, kò sí ọ̀rọ̀ géèjì níbẹ̀. Ẹ má kíìkì mọ́tò náà mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe.

KÍ A TÓ FI GÉÈJÌ SÍ I: IṢẸ́ INÁ NI O

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀. Epo tó wà nínú ọ̀pá yẹn, wọ́n fún un mọ́ ibẹ̀ ni. Tí a bá ṣàdédé tú u, á ta jáde bí omi inú ìbọn, á sì lè ta sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Nítorí náà, ìta gbangba ni kí iṣẹ́ yìí ti wáyé. Kò sí sìgá, kò sí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí àbẹ́là, kò sí àtùpà. Ẹ̀rọ pípa iná, èyí tó ní pọ́dà nínú, gbọ́dọ̀ wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ ṣí ìdérí tánkì kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ yọ fíúsì tàbí rìlé pọ́ǹpù, kí ẹ kíìkì mọ́tò, kó ṣiṣẹ́ títí tí á fi kú fúnra rẹ̀. Epo inú ọ̀pá ló jẹ yẹn, prẹ́ṣọ̀ ti wálẹ̀. Ẹ yọ orí bátìrì ti nẹ́gátíìfù. Kí ẹ fi àkísà bo ibi tí ẹ fẹ́ tú, kí ẹ tó tú u díẹ̀díẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wa kí wọ́n yéé fi ẹnu fa epo. Èyí tó bá ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa ènìyàn. Rọ́bà tó ní pọ́ǹpù ọwọ́ wà lọ́jà, kò wọ́n tó ẹ̀mí ọmọ ẹni.

OHUN TÍ GÉÈJÌ Ń SỌ

Mọ́tò kan ní ẹnu kékeré lórí ọ̀pá epo tí a lè fi géèjì sí bí ìgbà tí a fẹ́ fẹ́ táyà. Ọ̀pọ̀ Toyota kò ní i, àfi kí a fi ẹnu ìsopọ̀ tó wà nínú àpótí géèjì há àárín ọ̀pá. Tó bá ti wọlé, tí kò jò, kí ẹ dá bátìrì àti fíúsì padà, kí ẹ kíìkì, kí ẹ sì kà á. Mo fẹ́ kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ní síló, nígbà tí a bá tẹná, àti lẹ́yìn tí a bá pa á.

Tí nọ́ńbà bá pé ní síló, tó pé nígbà tí a tẹná, tó sì dúró lẹ́yìn tí a pa á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ dúró níbẹ̀. Prẹ́ṣọ̀ epo kọ́ ló ń ṣe mọ́tò yín. Ẹ má ra pọ́ǹpù. Ẹ lọ wo púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, rọ́bà afẹ́fẹ́ àti sálẹ́ńsà.

Tó bá kéré nígbà gbogbo, ìbéèrè tó kàn ni pé: ṣé iná tó ń dé pọ́ǹpù pé? Ẹ jẹ́ kí rewaya fi mítà wọn fóòtì lẹ́nu wáyà pọ́ǹpù gan-an, pẹ̀lú pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́. Tó bá wọ̀n ọ́n láì so pọ́ǹpù mọ́ ọn, mítà á kí i kú oríire, bẹ́ẹ̀ wáyà tó ti jẹra ni. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bátìrì yẹ kó wà ní nǹkan bíi 13.5 sí 14.5 fóòtì. Ti ẹnu pọ́ǹpù kò yẹ kó fi ju bíi fóòtì kan kéré sí i. Àwọn mọ́tò kan wà, pàápàá àwọn V6 kan, tó ń mọ̀ọ́mọ̀ dín iná pọ́ǹpù kù ní síló, kí ẹ ka ìwé tiyín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 10 fóòtì ló ń dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù Camry yín, bí ẹ ra pọ́ǹpù mẹ́wàá, ebi iná á pa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Tí iná bá pé, tí prẹ́ṣọ̀ sì kéré, tàbí tó pé ní síló tó ń já wálẹ̀ bí a bá ti tẹná, ẹ wo asẹ́ nídìí pọ́ǹpù àti fílítà kí ẹ tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Asẹ́ tó kún fún ẹrẹ̀ kò ní jẹ́ kó rí epo fà. Tí mọ́tò yín bá ní rọ́bà tó ń dá epo padà, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè fún rọ́bà náà pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí prẹ́ṣọ̀ bá fò sókè, pọ́ǹpù ṣì lágbára, rẹ́gúlétọ̀ ló ń tú epo dànù. Tí kò bá fò, ẹ padà sọ́dọ̀ asẹ́, fílítà àti pọ́ǹpù. Rọ́bà nìkan la ń fún o. Ọ̀pá oníke á fọ́.

Tí rẹ́gúlétọ̀ yín bá wà níwájú, ẹ yọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ orí rẹ̀ wò. Afẹ́fẹ́ nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tí epo bá wà nínú rẹ̀, awọ inú rẹ́gúlétọ̀ ti ya. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo aago. Toyota sọ pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó yẹ kí 21 psi ṣì kù níbẹ̀, ó kéré tán. Tó bá já sí òdo lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń yí i títí láàárọ̀: ọ̀pá ti gbẹ, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún. Ohun tó lè fà á ni fáàfù inú pọ́ǹpù tí kò mú mọ́, rẹ́gúlétọ̀, tàbí ínjẹ́kítọ̀ tó ń jò.

ÀPẸẸRẸ MÉJÌ

Camry kan dé sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì wa. Ẹni tó ni ín ti pààrọ̀ pọ́ǹpù lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́rin, ó sì gbé ìkẹta dání nínú ọ̀rá. A fi géèjì sí i: 31 psi. A wọn iná lẹ́nu pọ́ǹpù: kò pé 10 fóòtì. A tọ wáyà lọ, a rí ibi tí wọ́n ti lọ́ wáyà méjì pọ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá wé e, a sì rí wáyà ilẹ̀ tó ti dípẹtà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. A ha ìpẹtà náà dànù, a fi wáyà tuntun sí i, a jó o dáadáa. Géèjì gòkè sí 46. Pọ́ǹpù inú ọ̀rá yẹn, ó dá a padà fún ẹni tó tà á fún un. Nǹkan mítà díẹ̀ ti wáyà ló gba mọ́tò náà là. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Corolla kan náà tún wá. Iná pé, fílítà mọ́, asẹ́ mọ́, prẹ́ṣọ̀ kò kọjá 28, kò sì gbéra. Pọ́ǹpù ni lóòótọ́. A pààrọ̀ rẹ̀, ó parí. Mi ò sọ pé pọ́ǹpù kì í bàjẹ́ o. Mo ní kí géèjì jẹ́rìí sí i kí a tó ná owó.

OHUN TÓ Ń PA PỌ́ǸPÙ

Epo tó yí pọ́ǹpù ká ló ń mú un tutù, òun náà ló ń jẹ́ kó máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí a bá ń wa mọ́tò lórí rìsáfù lójoojúmọ́, á máa gbóná, á sì máa fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ tánkì mu. Mo mọ̀ pé láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti kún tánkì. Mi ò ní kí ẹ kún un. Mo ní kí ẹ má jẹ́ kó kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin sílẹ̀. Ìdá kan yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa san owó rẹ̀, á máa wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, iye tí ẹ ń jó náà lẹ ó máa rà.

Ìkejì ni epo tí kò mọ́. Gbogbo wa la rántí oṣù kejì ọdún 2022, tí wọ́n kó epo tí methanol ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí ìjọba sì ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Mọ́tò púpọ̀ ló fara gbá nínú rẹ̀. Epo inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá ọ̀nà náà, a ò mọ ohun tó ti gbé inú kẹ́ẹ̀gì yẹn tẹ́lẹ̀, a ò sì mọ iye omi tó wà nínú rẹ̀.

Ìkẹta, kí wọ́n fi pọ́ǹpù tuntun sínú tánkì tó dọ̀tí. Tí pọ́ǹpù bá kú lóòótọ́, ẹ fọ tánkì, ẹ pààrọ̀ asẹ́ àti fílítà pẹ̀lú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó pa ti àkọ́kọ́ á pa ti ìkejì.

ÀWA ÀTI MẸKÁNÍÌKÌ WA

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó korò díẹ̀. Oníbàárà kì í fẹ́ sanwó àyẹ̀wò. Tí mẹkáníìkì bá fi wákàtí méjì wọn mọ́tò yín, tó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, wáyà kékeré kan ni," ẹ ó ní kí lẹ tún fẹ́ sanwó rẹ̀ sí? Ṣùgbọ́n tó bá ta pọ́ǹpù fún yín, ẹ ó sanwó láìjiyàn. Báyìí la ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ pé nínú títa ẹ̀yà ara mọ́tò ni owó wà, pé kò sí owó nínú ìmọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa sanwó àyẹ̀wò. Ó dín ju owó pọ́ǹpù lọ fíìfíì.

Tí wọ́n bá wá sọ fún yín pé pọ́ǹpù ni, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi ọ̀gá mẹkáníìkì ní ìbéèrè mẹ́ta: Ọ̀gá, mélòó ni géèjì sọ? Fóòtì mélòó ló ń dé ẹnu pọ́ǹpù? Kí ló pa ti tẹ́lẹ̀? Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹ gbọ́n.

Tí mọ́tò bá sì kú lọ́nà, ẹ jẹ́ kó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì kí agbára ìrìn rẹ̀ tó tán. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn jìnnà, kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀ kúrò lójú títì. Ẹ pe 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ọ̀pá epo lóru lẹ́bàá ọ̀nà.

ÀBÁ MI FÚN ẸGBẸ́

Alága, mo ti ń parí ọ̀rọ̀ mi. Àwọn mẹkáníìkì wà nílé tí wọ́n já fáfá, ọwọ́ wọn dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ní géèjì epo. Bí ọdún bá dé, mọ́tò wa ni wọ́n ń tún ṣe. Àbá mi ni pé kí ẹgbẹ́ ra àpótí géèjì kan tó ní gbogbo ẹnu ìsopọ̀ rẹ̀, mítà iná kan, àti ẹ̀rọ pípa iná kan, kí á kó wọn sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì nílé, kí wọ́n máa kọ orúkọ ẹni tó bá yá a sínú ìwé. Èmi yóò wá sílé fún ọjọ́ méjì, lọ́fẹ̀ẹ́, láti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Tí a bá pín owó rẹ̀ láàárín àwa tó jókòó síbí, kò ní wọ̀ wá lọ́rùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá gba ẹnì kan lọ́wọ́ pọ́ǹpù tí kò yẹ kó rà, ó ti ń san ara rẹ̀ padà nìyẹn.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ kí á wọn mọ́tò wa nísinsìnyí tí ọdún kò tíì dé, kó má ṣe àárín ọ̀nà márosẹ̀ la ti máa mọ̀. A ó máa lọ, a ó máa bọ̀, ewu kò ní wu wá o.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, mo wà níbí.